Ẹ má tíì jẹ́ kí oníṣẹ́ wọlé: Ohun tó yẹ ká ṣe sí balùwẹ̀ kí wọ́n tó tún báàtọ́ọ̀bù kùn

Bí ẹ bá dárúkọ Ìjẹmọ̀ fún ẹni tó mọ ìtàn Abẹ́òkúta, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọdún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba amúnisìn yìnbọn pa àwọn ará àdúgbò náà. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, a ó sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ báàtọ́ọ̀bù ni. Ṣùgbọ́n inú balùwẹ̀ kan ní Ìjẹmọ̀ yìí náà ni ọmọkùnrin kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé èmi tí mo gbé iṣẹ́ fún wọn kò ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe kí wọ́n tó dé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbé ilé tó ní báàtọ́ọ̀bù àtijọ́, yálà ẹ háyà á ni o, tàbí ilé bàbá yín ni. Ojú rẹ̀ ti ha, ó ti pọ́n bí omi ìpẹtà, ẹ sì ti rí fídíò lórí fóònù níbi tí wọ́n ti kùn ún tó wá funfun báláú láàárín ọjọ́ kan. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Owó rẹ̀ sì kéré sí kéèyàn fọ́ táìlì, kó hú ti àtijọ́, kó ra tuntun. Àmọ́ ohun tí fídíò kì í fi hàn yín ni iṣẹ́ tó ṣáájú ọ̀dà. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ nìyẹn, kí ẹ lè tọ́jú ẹ̀ sọ́wọ́.

Ohun tójú mi rí

Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Gbogbo wa ń pè wọ́n ní Màmá Ìjẹmọ̀. Báàtọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀, onírin ni, irú èyí tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn tọkàn tara. Kò sẹ́ni tó wẹ nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi là ń pọn sí i. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: bí omi ẹ̀rọ bá yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gbogbo ohun tó lè gba omi la ó kún, báàtọ́ọ̀bù ló sì máa ń gba èyí tó pọ̀ jù. Ojú rẹ̀ ti bó níbi mẹ́ta, ìpẹtà sì ti yọ.

Mo pe oníṣẹ́ kan. Ó mú ọmọ iṣẹ́ kan dání. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni." Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Mi ò kó nǹkan kan kúrò nínú balùwẹ̀. Mi ò tún táàpù tó ń kán ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi gan-an ni mo sọ pé, "Ẹ ti ilẹ̀kùn o, kí òórùn yẹn má bàa dé yàrá Màmá." Fèrèsé balùwẹ̀ náà kò ju ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ, gíláàsì rẹ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún kò sì ṣeé ṣí mọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló ń jáde bọ̀, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ó jókòó sílẹ̀ nínú kọ́rídọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ojú mi ń ṣú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Màmá pariwo pé, "Ẹ gbé epo pupa wá!" Ẹlòmíràn ní mílíìkì ni. Ọlọ́run ló yọ wá pé ọ̀gá ẹ̀ gbé e bọ́ sí ìta, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí i lára. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó tún fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ní rárá.

Ọ̀gá nìkan ló parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, láti ibi tí táàpù ti ń kán sí i gan-an. Owó lọ, iṣẹ́ bàjẹ́, ẹ̀mí èèyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ìgbà náà ni mo wá lọ jókòó, mo kà nípa iṣẹ́ yìí.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Báàtọ́ọ̀bù onírin kì í ṣe irin lásán. Wọ́n máa ń da lúlúù gíláàsì sí ojú irin gbígbóná, gíláàsì náà á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ń dán yẹn nìyẹn, òun kan náà ló wà lára abọ́ tánganran tí àwọn ìyá wa ń lò. Ilé-iṣẹ́ Kohler ní Amẹ́ríkà sọ pé ọdún 1883 ni olùdásílẹ̀ wọn kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀, tó sọ ọpọ́n irin tí wọ́n fi ń fún ẹran lómi di ohun tí èèyàn lè wẹ̀ nínú ẹ̀.

Bí ojú tánganran yẹn bá ti bó, kò sẹ́ni tó lè dá a padà nínú ilé yín, nítorí iná ńlá ló ń fẹ́. Ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe ni pé yóò ha ojú ti àtijọ́, yóò dí ibi tó fọ́, yóò fi ohun tí ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn sí i, yóò wá fi ọ̀dà líle kùn ún lé e. Epoxy tàbí polyurethane ni ọ̀dà náà sábà máa ń jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń po agolo méjì pọ̀ kí wọ́n tó lò ó.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Gíláàsì ni ìsàlẹ̀, ọ̀dà ni òkè. Gíláàsì kì í fẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ òun. Ọṣẹ díẹ̀, òróró ara díẹ̀, omi kán-ín kán, ó ti tó láti ya àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ìmúrasílẹ̀ fi ju ọ̀dà lọ.

Kẹ́míkà tó ń pa oníṣẹ́

Ẹ fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Bí wọ́n bá ti kun báàtọ́ọ̀bù rí, wọ́n á fẹ́ bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń da kẹ́míkà sí i kí ọ̀dà lè wú. Ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà náà ń jẹ́ methylene chloride. Orúkọ rẹ̀ kejì ni dichloromethane.

Ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ kan kú sínú balùwẹ̀ oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ́dún 2010, níbi tó ti ń fi kẹ́míkà yìí bó báàtọ́ọ̀bù. Àjọ CDC tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera níbẹ̀ wá gbé ìròyìn kan jáde ní February 2012. Wọ́n ní láàárín 2000 sí 2011, àwọn tí iṣẹ́ báàtọ́ọ̀bù kíkùn àti kẹ́míkà yìí pa tó 13. Ohun tó dun èèyàn jù níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo agolo tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn tó kú, kò sí ọ̀kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún báàtọ́ọ̀bù. Àwọn kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé ara ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ṣe é fún.

Kí ló dé tó fi burú tó bẹ́ẹ̀ nínú balùwẹ̀? Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, kì í pẹ́ gbẹ. Ní nǹkan bí 40°C ló ti ń hó. Ẹ fi wé omi tó ń hó ní 100°C. Nínú ooru Abẹ́òkúta, kíá ló ń di oru.

Èkejì, oru rẹ̀ wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà mẹ́ta. Kì í lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, inú báàtọ́ọ̀bù gan-an ló sì máa ń kóra jọ sí bí omi ṣe ń kóra jọ sínú abọ́. Níbẹ̀ ni oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó kì orí bọ̀.

Ẹ̀kẹta, ó ń kun èèyàn bí oògùn tí wọ́n fi ń múni sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹni náà kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun títí yóò fi ṣubú. Tó bá sì ti dé inú ara, ara á sọ díẹ̀ nínú ẹ̀ di carbon monoxide, ìyẹn èéfín olóró kan náà tí ń ti ẹnu jẹnẹrétọ̀ jáde. Ìyẹn ni pé ara ẹni tó ti jáde síta pàápàá ṣì lè máa ṣe májèlé fún un fún wákàtí mélòó kan sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Balùwẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní márùn-ún, tó ga ní mẹ́jọ, ẹ mọ̀ pé báyìí ni ọ̀pọ̀ ti wa ṣe rí. Bí wọ́n bá da mílílítà 100 péré sílẹ̀ níbẹ̀, tí kò tó ìdajì ife tíì, tí gbogbo ẹ̀ di oru tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, oru tó wà nínú yàrá náà á ju 5,000 lọ nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kà sí ewu ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀ ni 2,300. Oníṣẹ́ á sì da jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pinnu láti ọdún 2009 pé kí wọ́n má tà á fún ará ilé mọ́ fún bíbó ọ̀dà. Amẹ́ríkà fòfin de títà á fún ará ilé lọ́dún 2019, wọ́n sì fẹ òfin náà lójú gan-an lọ́dún 2024. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin onílé gan-an lẹ máa jẹ́ òfin. Ẹ bi oníṣẹ́ pé kí ló wà nínú agolo yẹn, kẹ́ ẹ sì kà á fúnra yín. Bí ẹ bá rí methylene chloride, dichloromethane tàbí DCM, ẹ ní kó gbé e padà. Bí agolo náà kò bá ní orúkọ kankan, tí wọ́n ti tú u sínú ìgò omi, ẹ ní kó gbé e padà bákan náà. Ọ̀dà àtijọ́ ṣeé fi abẹ àti sáńpépà ha kúrò. Yóò pẹ́ díẹ̀, yóò sì gba agbára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa kú.

Ọ̀sẹ̀ kan kí oníṣẹ́ tó dé

*Ẹ mọ irú báàtọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ní.* Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, irú èyí tó wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, onírin ni. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè jẹ́ oníke tàbí fiberglass. Ẹ tún tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ń rì, tó ń dún kẹ́-kẹ́, ọ̀dà kò ní pẹ́ là lórí ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún oníṣẹ́ lórí fóònù, torí pé ohun tí wọ́n fi ń múra onírin sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti oníke.

*Ẹ wá ibòmíràn fún omi.* Èyí ṣe pàtàkì fún àwa tá a sọ báàtọ́ọ̀bù di tánkì. Kò ní ṣeé lò fún bí ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, bí ẹ bá ti ń bu omi inú báàtọ́ọ̀bù àtijọ́ mu tàbí tẹ́ ẹ fi ń se oúnjẹ, ẹ jáwọ́. Òjé wà nínú tánganran ọ̀pọ̀ báàtọ́ọ̀bù àtijọ́, tí ojú rẹ̀ bá sì ti jẹ, ó lè máa jò sínú omi. A ò gbọdọ̀ fi òjé ṣeré. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló gba ibẹ̀ kú ní Zamfara lọ́dún 2010.

*Ẹ pe pulọ́ńbà.* Táàpù tó ń kán gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró pátápátá. Kì í ṣe kó dín kù o, kó dáwọ́ dúró ni. Omi kan tó bá kán sí ọ̀dà tútù, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kó wo ibi tí omi ń gbà jáde pẹ̀lú, bóyá ó ti dí, bóyá ó ń jò sábẹ́. Bí irin bá ti jẹrà látabẹ́, ọ̀dà orí kò lè gbà á là. Iṣẹ́ pulọ́ńbà gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́ ọ̀dà, torí pé ẹni tó bá fi sípánà tú táàpù lórí ọ̀dà tuntun, yóò ha á.

*Ẹ wo ojú ọjọ́.* Ọ̀dà wọ̀nyí kò fẹ́ràn ọ̀rinrin. Bí ẹ bá lè yan, ẹ má fi í sí June tàbí July nígbà tí òjò ń rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọyẹ́ dára ní ti gbígbẹ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi omi wọ́n ìta fèrèsé àti kọ́rídọ̀ lọ́jọ́ náà.

*Ẹ bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta.* Kí lo fẹ́ fi bó o? Kí lo fẹ́ fi kùn ún? Kí lo máa fi bo imú? Bó bá ní ìbòmú COVID ni òun ní, ẹ jẹ́ kó yé e pé eruku nìyẹn lè dí díẹ̀, oru kẹ́míkà á gba inú ẹ̀ kọjá wọ̀ọ̀. Ìbòmú onírọ́bà tó ní àgolo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún oru ọ̀dà, ló ń fẹ́. Methylene chloride ní tiẹ̀, irú ìbòmú yẹn gan-an kò ká a. Polyurethane alágolo méjì náà lówó tiẹ̀ lọ́wọ́: isocyanate wà nínú ẹ̀, ó sì lè fún oníṣẹ́ ní ikọ́ efée tí kò ní lọ mọ́.

Ẹ tún bi í bóyá ásíìdì ni yóò fi ha ojú tánganran. Àwọn kan ń lo hydrofluoric. Ásíìdì yìí lè má ta èèyàn lójú ẹsẹ̀, nígbà tí yóò fi máa dùn ún, ó ti jẹ wọ inú ẹran ara. Bí sáńpépà bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó fi sáńpépà ṣe é, kó sì máa fi omi rin ín bó ṣe ń ha á, kí eruku òjé má bàa fò káàkiri ilé.

Ọjọ́ tó ṣáájú

1. Ẹ kó gbogbo nǹkan jáde. Kànìnkànìn, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, táwẹ́ẹ̀lì, aṣọ ìkélé, garawa, gbogbo ẹ̀. Ohun tó bá kù níbẹ̀, ọ̀dà á fò bá a. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó o.

2. Ẹ yọ sílíkọ́ọ̀nù. Ìyẹn ohun funfun tó rọ̀ tí wọ́n fi dí àárín báàtọ́ọ̀bù àti táìlì. Ẹ fi abẹ gé e lókè, ẹ gé e nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fà á jáde. Ẹ ha èyí tó kù mọ́ ọn. Níbi tí sílíkọ́ọ̀nù bá wà, bó ti wù kó kéré tó, ọ̀dà á sá fún un, á sì ṣe ihò kékeré bí ojú ẹja.

3. Ẹ fọ báàtọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, ọṣẹ ìfọṣọ àti kànìnkànìn líle, kí òróró ara àti ìfófòó ọṣẹ lè kúrò. Lẹ́ẹ̀kejì, ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún ohun funfun àti ìpẹtà tí omi bọ́ọ̀hòlù fi sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi lásán, kó pọ̀. Ẹ kíyè sára: ẹ má ṣe da Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ ọtí kíkan, omi ọsàn tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣálángá. Bí wọ́n bá pàdé, atẹ́gùn olóró ló ń jáde, inú balùwẹ̀ kékeré yẹn náà lẹ sì wà.

4. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Láti ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ wẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé kejì, tàbí kẹ́ ẹ fi garawa wẹ̀ lẹ́yìnkùlé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Ẹ fi aṣọ nu inú ihò omi náà.

5. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo ohun tí kò ṣeé gbé. Ibi ìgbọ̀nsẹ̀, síǹkì, dígí, táìlì ìsàlẹ̀. Ẹ fi téèpù pẹ́ńtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ má fi náílọ́ọ̀nù dí fèrèsé! Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí eruku.

6. Ẹ tún fèrèsé ṣe. Gíláàsì tí kò ṣeé ṣí, ẹ tú u kúrò pátá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí eruku ti dí, ẹ yọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìdájí ọjọ́ náà. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí, fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀kan wọlé, kó máa gba èkejì jáde. Ẹ gbé fáànù sí kọ́rídọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ mímọ́ wà, kó kọjú sí inú balùwẹ̀, kó máa lé oru náà lọ sójú fèrèsé. Ẹ má gbé fáànù náà sínú balùwẹ̀. Lọ́nà kìíní, ṣe ni yóò máa yí oru náà po lójú kan. Lọ́nà kejì, tínà pẹ́ńtà máa ń gbiná, iná kékeré tó bá ta nínú fáànù sì ti tó láti dá a sílẹ̀.

Bí balùwẹ̀ yín kò bá ní fèrèsé tó ṣí sí ìta, bíi ti àwọn flat kan tó jẹ́ pé inú kọ́rídọ̀ ni fèrèsé ṣí sí, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé balùwẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí oníṣẹ́ ń mí lẹ fẹ́ fi èéfín kún yẹn. Kó jìnnà sí ilé.

Ẹ pa gáàsì, ẹ pa sítóófù, ẹ pa ẹ̀fín ẹ̀fọn, ẹ pa àbẹ́là. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mu sìgá.

Ẹ kó àwọn ọmọdé, aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tó ní ikọ́ efée kúrò nílé títí dọjọ́ kejì. Nígbà kejì tá a ṣe é, Màmá ní àwọn ò lọ síbì kankan, pé ilé ọkọ àwọn ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wulẹ̀ lọ kí àbúrò yín ní Ìtokò, ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan péré." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Nítorí ibi tí mo ń pọn omi sí?" Àmọ́ wọ́n lọ.

Paríparí ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níta ilẹ̀kùn tí yóò máa bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ pè é. Bó bá dáhùn gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀, tàbí tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, ẹ ní kó jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú ní Amẹ́ríkà, àwọn nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣú, tí èébì ń gbé e, kó jáde sí ìta gbangba lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti ṣubú sínú balùwẹ̀, ẹ má sáré wọlé kẹ́ ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oru tó gbé e ṣubú ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ kọ fáànù síbẹ̀, ẹ pe èèyàn. Ẹni tó bá máa wọlé, kó ti mí sínú láti ìta, kó fà á jáde kíákíá.

Epo pupa kò ṣe nǹkan kan fún un, mílíìkì kò ṣe nǹkan kan. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni nǹkan náà gbà wọlé, kì í ṣe inú ikùn. Bẹ́ ẹ bá sì da epo sí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ń dákú, ó lè ṣì í gba ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ mímọ́ ni oògùn àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ni èkejì. Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112. Ní Abẹ́òkúta, FMC wà ní Ìdí-Abà, State Hospital wà ní Ìjàyè. Ẹ mú agolo kẹ́míkà náà dání kí dókítà lè kà á. Bí ara ẹni náà bá tiẹ̀ ti yá, ẹ ṣì mú un lọ, nítorí ohun tí mo sọ lókè nípa carbon monoxide. Àwa kò mú ọmọ yẹn lọ. Àìmọ̀ ló fà á. Mo pe ọ̀gá ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó bọ́jú pàápàá.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ tẹ̀lé iye wákàtí tí wọ́n kọ sára agolo. Ọ̀pọ̀ ń béèrè ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí omi tó kàn án, mo sì máa ń fi ọjọ́ kan kún un tó bá jẹ́ ìgbà òjò. Ẹ má ti fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílíkọ́ọ̀nù tuntun dí etí rẹ̀.

Ọṣẹ olómi àti aṣọ fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi kànìnkànìn irin kàn án. Ẹ má tẹ́ ẹní rọ́bà tó ń fa mọ́lẹ̀ sínú ẹ̀, ó máa ń fa ọ̀dà tu. Ẹ má sì padà sọ ọ́ di tánkì, torí omi tó bá dúró sí i tọ̀sán-tòru á wá ọ̀nà wọ abẹ́ ọ̀dà.

Ọdún kan ó lé díẹ̀ rèé tá a ti tún ti Màmá ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Oníṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, ọjọ́ méjì ló fi ha á. Ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Dúrọ́ọ̀mù búlúù méjì ló ń gba omi báyìí. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́sí yẹn náà ṣì wà láyé, a pàdé ní Ìtòkú lóṣù tó kọjá, ó kí mi, "Ẹ̀gbọ́n, báàtọ́ọ̀bù ńkọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Mo ra màlúù jíà ìmu tútù kan fún un, mo sì bi í bóyá ọ̀gá ẹ̀ ti ra ìbòmú onírọ́bà. Ó ní kò tíì rà á.

Bí ẹ bá máa pe oníṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í ní ìbéèrè yẹn kẹ́ ẹ tó dá iye owó.